Ìdí-igi, Orí-ò-jorí àti Ìpín Owó Ìlú: Àríwísí lórí Ọ̀nà Ìrònú Méjì nínú Tíọ́rì Òdodo Ọrọ̀ Ajé

Ìfáárà

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni ó wà ní ilẹ̀ Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìkàrẹ́ ni ibùjókòó ti Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Ọ̀kà ni ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, Òkè-Àgbè ni ti Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Ìsùà sì ni ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Lóṣooṣù ni a ń pín owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, inú rẹ̀ sì ni ìpín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń jáde. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ bá ti mú tiwọn, owó tí ó kan ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni a ń pín báyìí: ìdá 40 nínú 100 ni a ń pín lọ́gbọọgba láìbèèrè bí èrò ṣe pọ̀ tó, ìdá 30 ni a ń fi iye ènìyàn pín, ìdá 10 ni a ń fi fífẹ̀ ilẹ̀ àti bí ojú ilẹ̀ ṣe rí pín, ìdá 20 tí ó kù wà fún akitiyan owó abẹ́lé àti ìdàgbàsókè àwùjọ. Àríwísí lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó yìí pọ̀ lọ jàra. Àwọn tí ó bèèrè irú ìrònú tí ó bí nọ́ńbà wọ̀nyí kò tó nǹkan.

Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé. Bí àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń kọ̀wé lórí òdodo nínú ọrọ̀ ajé ṣe ń dé ibi ìdájọ́ wọn kò rí bákan náà. Àwọn kan ń ti orí ìlànà sọ̀ kalẹ̀ sórí ìṣẹ̀lẹ̀. Àwọn kan ń ti orí ìṣẹ̀lẹ̀ gòkè lọ sórí ìlànà. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àwọn ti ìṣáájú máa ń fi ohun kan tí ojú rí pamọ́ sábẹ́ ìlànà wọn, tí àwọn kejì sì máa ń fi ìlànà kan pamọ́ sábẹ́ ohun tí ojú rí, àti pé ibi ìfipamọ́ yìí gan-an ni ìyànjẹ ti máa ń wọlé. Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà ni àwọn tíọ́rì tí a óò yẹ̀ wò ti wá. Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ìlú méjì tí kò jìnnà síra wọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ni ibi tí a óò ti wò wọ́n.

Oríkì ọ̀nà ìrònú méjèèjì

Ìrònú kìíní ni a óò pè ní afìlànà-wá-ìṣẹ̀lẹ̀. Bí a bá gbà pé kóńgò tí wọ́n lù ní ìdí wọnú kì í gba ẹ̀kún gàrí, tí ojú sì rí i pé ìdí kóńgò kan ti wọnú, kò sí ìdí láti tún gàrí náà wọ̀n kí a tó mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ oníbàárà jẹ. Ìlànà ti sọ ọ́ tán. Ìrònú kejì ni afìṣẹ̀lẹ̀-wá-ìlànà. Bí ìyá kan bá ra gàrí ní ìsọ̀ mẹ́ta ní ọjà Ìkàrẹ́, tí ó délé tí ó tún un wọ̀n, tí kò pé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó wá sọ pé àwọn onígàrí ọjà náà kì í wọn ọjà pé, ó ti gun orí ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta dé orí ìlànà kan.

Agbára ìrònú kìíní ni pé bí gbólóhùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, àbájáde rẹ̀ kò lè jẹ́ irọ́. Àìlera rẹ̀ ni pé kò lè fìdí gbólóhùn ìpìlẹ̀ náà múlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìrònú kejì ń fi ìmọ̀ tuntun kún èyí tí ó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ kẹrin lè já a nírọ́. Ìbéèrè kan tún wà tí a kì í sábà bi í: kóńgò wo ni ìyá náà fi tún gàrí wọ̀n nílé? Kí ó tó lè ka ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ọjà kò pé, ó ti ní láti gbà pé kóńgò ilé òun ni ó tọ́. Kì í ṣe ọjà ni ó kọ́ ọ ní èyí.

Lójú ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo òwe Yorùbá, ibẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti ń pàdé. Ìrírí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó ń bí òwe, ṣùgbọ́n bí àgbà bá pa á níbi ìdájọ́, ó ti di ìlànà tí a ń ti orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbà mìíràn fi lè pa òwe tí ó ta ko ti àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kankan purọ́.

Láti Rawls dé Sen

John Rawls ni ó gbé ìrònú afìlànà-wá-ìṣẹ̀lẹ̀ dé ibi tí ó ga jùlọ nínú ọ̀rọ̀ òdodo ní ọ̀rúndún ogún. Nínú ìwé rẹ̀, A Theory of Justice, tí ó jáde ní 1971, ó ní kí a ro àwọn ènìyàn kan tí wọ́n jókòó láti ṣètò àwùjọ wọn, ṣùgbọ́n tí aṣọ àìmọ̀ bò wọ́n lójú: ẹnì kan nínú wọn kò mọ̀ bóyá olówó ni òun yóò jẹ́ tàbí tálákà, ọlọ́gbọ́n tàbí aláìmọ̀wé. Rawls ní irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé kí òmìnira jẹ́ ti gbogbo wọn bákan náà, kí àǹfààní ipò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí ìyàtọ̀ tí yóò wà láàárín olówó àti tálákà sì jẹ́ èyí tí yóò ṣe ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá lóore.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí a bá gbé ẹran kalẹ̀ fún àwọn ọmọ nínú ilé, àbúrò ni ó ń pín in, ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ́kọ́ mú. Àbúrò tí ó mọ̀ pé èyí tí ó bá kéré jùlọ ni yóò kù fún òun kò ní jẹ́ kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Rawls náà lo àpẹẹrẹ tí ó fara jọ èyí. Ṣùgbọ́n kí ètò ẹran yìí tó lè ṣiṣẹ́, ẹnì kan ti ní láti sọ iye ọmọ tí ó jókòó ti àwo. Ètò náà kò sọ ìyẹn. Ìyá ilé ni ó sọ ọ́.

Rawls fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà lábẹ́ ìlànà òun. Nínú àròkọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1951, ó fi ọ̀nà ìwádìí ìwà wé ìrònú afìṣẹ̀lẹ̀-wá-ìlànà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò: a ó kó ìdájọ́ àwọn ènìyàn tí orí wọn pé jọ, a ó sì wá ìlànà tí ó so wọ́n pọ̀. Ní 1971, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwà le koko bí jọ́mẹ́tírì, bí ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò tíì dé ibẹ̀. Ìyípadà ohùn yìí ṣe pàtàkì. Ní àwọn ọdún 1950, John Harsanyi ti bẹ̀rẹ̀ láti orí àìmọ̀ tí ó jọ ti Rawls, ibi tí ó sì dé yàtọ̀: ó ní ètò tí yóò mú kí ìpíndọ́gba ìgbádùn gbogbo ènìyàn ga jùlọ ni wọn yóò yàn. Àwọn méjèèjì ń lo ìrònú tí ó gún régé. Ohun tí ó ya wọ́n ni bí wọ́n ṣe gbà pé ènìyàn ń bẹ̀rù àdánù tó, bẹ́ẹ̀ sì ni ènìyàn ni a ń wò kí a tó mọ ìyẹn. Nígbà tí Norman Frohlich àti Joe Oppenheimer fi irú ètò yìí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní Kánádà, Pólándì àti Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ti 1992 ṣe fi hàn, ọ̀pọ̀ wọn kò yan ìlànà Rawls, wọn kò sì yan ti Harsanyi lásán. Èyí tí wọ́n yàn ni ìpíndọ́gba tí ó ga, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìn sísàlẹ̀ rẹ̀. A kò lè sọ pé ìdánwò náà fọ́ tíọ́rì Rawls, nítorí pé Rawls kò sọ ohun tí ènìyàn yóò yàn nínú yàrá ìdánwò. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé aṣọ àìmọ̀ nìkan kò tó láti bí ìlànà kan ṣoṣo.

Robert Nozick, nínú ìwé rẹ̀ ti 1974, tún fi ìlànà bẹ̀rẹ̀ ju Rawls lọ. Bí ènìyàn bá ní nǹkan ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, tí ó sì gbé e fún ẹlòmíràn ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, ohunkóhun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde tọ́, bí ìyàtọ̀ ọrọ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó. Ó gbà pé ó yẹ kí ìlànà kẹta wà tí yóò ṣàtúnṣe ohun tí wọ́n ti fi ipá gbà látẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò ṣe àlàyé rẹ̀ dópin. Fún ilẹ̀ tí òwò ẹrú, ogun àti ìjọba amúnisìn ti kọjá lórí rẹ̀, ìlànà kẹta yẹn ni ìdajì iṣẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe é láìka ìtàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Amartya Sen gbìyànjú láti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí ní 2009. Ó fi àpẹẹrẹ ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ń du fèrè kan ṣàlàyé: ọ̀kan nìkan ni ó mọ̀ ọ́n fọn, ọ̀kan ni ó tòṣì tí kò ní ohun ìṣeré mìíràn, ọ̀kan ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Sen ní kò di dandan kí a rí ìlànà kan tí yóò parí ẹjọ́ wọn; ó tó kí a lè fi ipò kan wé òmíràn, kí a sì mọ èyí tí ìyànjẹ rẹ̀ kéré. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, òun ni ó sún mọ́ ìgbìmọ̀ àgbà Yorùbá jù. Síbẹ̀, akọ̀wé tí yóò pín owó lóṣooṣù kò rí nọ́ńbà kankan mú nínú ìwé rẹ̀.

Ìdí-igi àti orí-ò-jorí

Ẹjọ́ kan wà nínú òfin Nàìjíríà tí àwọn onímọ̀ òdodo ọrọ̀ ajé kì í sábà mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ó sì yẹ kí ó wà ní iwájú. Ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu ti Èkó ni, ẹni tí ó kú tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí a pín ogún sí, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan, tàbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀? Ti ìṣáájú ni ìdí-igi. Èkejì ni orí-ò-jorí. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ dá ẹjọ́ náà ní 1958, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá gbogbogbòò, kò tíì di ohun ìgbàgbé, orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè lò bí ìdí-igi bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

Ìdájọ́ yìí kì í ṣe ìlànà kan ṣoṣo tí ó ti òkè já bọ́. Ìlànà kan wà tí a ń ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan sì wà tí àyè gbà láti wo ojú ẹbí kí ó sì yí i padà. Bí ìyàwó kan bá bí ọmọ kan ṣoṣo, tí èkejì bí márùn-ún, nínú igi mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo yẹn yóò mú ìdá kan nínú mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yóò sì mú ìdá kan nínú ogún. Ẹni tí ó bá wo igi rí ìdọ́gba. Ẹni tí ó bá wo orí rí ìyàtọ̀ ìlọ́po márùn-ún. Ẹnì kankan nínú wọn kò ṣi ìṣirò ṣe.

Ìdá 40 tí a ń pín lọ́gbọọgba láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni ìdí-igi. Ìdá 30 tí a ń fi iye ènìyàn pín ni orí-ò-jorí. Òfin ìpín owó Nàìjíríà ti lọ àṣà méjèèjì pọ̀ mọ́ra láìmọ̀. Ohun tí ó sọ nù nínú rẹ̀ ni olórí ẹbí, ẹni tí yóò sọ ìgbà tí èkínní yóò fi àyè sílẹ̀ fún èkejì àti ìdí rẹ̀. Ìwọ̀n tí kì í yẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Kòkó: ohun tí àlàyé sọ àti ohun tí ìwé ìṣirò fi hàn

Ní 1947, ìjọba amúnisìn dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Àlàyé tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ gún bí ọ̀pá. Iye kòkó ní ọjà àgbáyé ń lọ sókè sódò. Ìlọsókè-sódò yìí ń pa àgbẹ̀ lára. Bí a bá dá díẹ̀ dúró nínú owó ọdún tí ó dára, a ó lè fi kún ti ọdún tí kò dára. Nítorí náà, bọ́ọ̀dù tí ó dá owó dúró ń ṣe òdodo sí àgbẹ̀. Wọ́n ní owó àgbẹ̀ ni, pé wọ́n kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.

Peter Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n bí ní Hungary tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò jiyàn lórí ìlànà náà lákọ̀ọ́kọ́. Ìwé ìṣirò bọ́ọ̀dù ni ó wò. Nínú ìwé rẹ̀ lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó jáde ní 1954, ó fi hàn pé owó tí àwọn bọ́ọ̀dù ń dá dúró ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ni, tí ó sì ti di owó orí tí a kò pe orúkọ rẹ̀. Ó tún fi hàn pé mímú iye owó dúró gbọn-in kò túmọ̀ sí pé owó tí ó wọlé fún àgbẹ̀ yóò dúró gbọn-in, nítorí pé ìkórè náà ń yí padà. Ní 1954 kan náà ni bọ́ọ̀dù bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìjọba ẹkùn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó tí wọ́n ní àwọn ń bá àgbẹ̀ tọ́jú wá di owó tí a fi ń ṣe ìlú. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969, owó orí ni ó ṣáájú nínú ẹ̀hónú wọn, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń gbà lórí kòkó wà nínú ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986.

Ó rọrùn láti sọ níhìn-ín pé ìrònú afìṣẹ̀lẹ̀-wá-ìlànà borí. Ibi tí ọ̀pọ̀ àríwísí dúró sí nìyẹn, kò sì yẹ kí wọ́n dúró níbẹ̀. Kí Bauer tó lè pe owó tí wọ́n dá dúró ní ìyànjẹ, ó ti ní láti gbà pé gbogbo owó tí kòkó bá mú wá ní ọjà àgbáyé jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín. Ìlànà Nozick ni èyí, ogún ọdún kí Nozick tó kọ ọ́. Ìwé ìṣirò kọ́ ni ó kọ́ Bauer bẹ́ẹ̀. Kóńgò ilé rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ Àkókó ni ó dára jù láti fi dán èyí wò, nítorí pé ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀ ni ó wà. Àgbẹ̀ tí ó ní kòkó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wà tí iṣu, ọ̀pẹ àti àgbàdo ni iṣẹ́ wọn. Lára owó tí kòkó mú wá ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ètò tí Michael Adékúnlé Ajásìn, ará Ọ̀wọ̀ tí ó múlé ti Àkókó, kọ àbá rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Action Group. Ọmọ oníṣu ní Ọ̀kà àti ọmọ oníṣòwò ní Ìkàrẹ́ jókòó nínú kíláàsì tí kòkó ẹlòmíràn bá wọn san lára owó rẹ̀. Bí ìwádìí bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kòkó, ìyànjẹ ni yóò rí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ oníṣu yìí, ìran mìíràn ni yóò rí. Ẹni tí ó yan ìṣẹ̀lẹ̀ tí a óò kà ti dá ìdajì ẹjọ́ kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà orísun, èyí tí ó ní kí owó padà sí ibi tí ó ti wá, jẹ́rìí sí èyí dáadáa. Ní àpérò Ìbàdàn ní 1950, àwọn aṣojú Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n tẹnu mọ́ ọn; kòkó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Àríwá ń fẹ́ kí a fi iye ènìyàn pín in. Ènìyàn wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn sì ń sọ̀rọ̀ àìní. Nígbà tí epo rọ̀bì gba ipò kòkó, ìlànà orísun kò ní alágbàwí tí ó pọ̀ mọ́: ìdá 50 nínú owó ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó wà fún ibi tí ó ti wá nígbà òmìnira di 45 ní 1970, ó di 20 ní 1975, ó sì ń rẹ̀lẹ̀ sí i kí Ìwé Òfin 1999 tó sọ pé kò gbọdọ̀ dín sí 13. Gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń ti orí ìlànà bọ̀. Ẹni tí ó bá to ọdún pọ̀ mọ́ ohun tí oníkálukú ní lọ́wọ́ yóò rí ibi tí ìlànà ti wá.

Aboyade àti ìwọ̀n márùn-ún

Nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tí ó ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti Òjétúnjí Aboyade ní 1977 ni ó yẹ kí àwọn onímọ̀ Yorùbá kà jù, ẹnu ni ó sì ti gbajúmọ̀ ju ojú lọ. Aboyade, ọmọ Awẹ́, ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà. Ìkànìyàn 1973 ti dá ìjà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi wọ́gi lé e. Ìgbìmọ̀ Aboyade kò fi iye ènìyàn ṣe òpó, kò sì fi ìdọ́gba ìpínlẹ̀ ṣe é. Ìlànà márùn-ún ni ó gbé kalẹ̀: ìdọ́gba àǹfààní láti dàgbà sókè ní 25, ìwọ̀n ìgbé-ayé tí ó kéré jùlọ tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní, 22, agbára láti lo owó dáadáa, 20, akitiyan owó orí abẹ́lé, 18, ìmójútó ìnáwó, 15.

Ohun tí ó dára nínú èyí pọ̀. Ìdọ́gba ìpínlẹ̀ kì í ṣe ìlànà òdodo. Ìpínlẹ̀ kì í jẹun, ebi kì í pa á. Aboyade rí èyí, ó sì gbìyànjú láti fi ohun tí ènìyàn nílò rọ́pò rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìn sísàlẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìlànà kejì rẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìwé Frohlich àti Oppenheimer tó jáde.

Àbùkù rẹ̀ wà níbi ìwọ̀n. Ìlànà lè sọ pé àǹfààní ṣe pàtàkì, pé ìwọ̀n ìgbé-ayé náà ṣe pàtàkì. Kí ni ó fi 3 sáàárín 25 àti 22? Kì í ṣe ìlànà, nítorí pé kò sí ìlànà kan tí ó ní 3 nínú. Kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀, nítorí pé kò sí ilé-ìwé tàbí ilé-ìwòsàn tí wọ́n kà tí ó bí 3. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé náà sílẹ̀ ní ó ti le jù, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ẹ̀sùn náà kò tọ́. Kò le tó ni ó yẹ kí wọ́n sọ. Ìgbìmọ̀ Pius Okigbo tí ìjọba Shagari gbé kalẹ̀ ní 1979 padà sí ohun tí etí ti gbọ́ rí, ó fi 40 fún ìdọ́gba, 40 fún iye ènìyàn, 15 fún ìdàgbàsókè àwùjọ àti 5 fún akitiyan owó abẹ́lé. Láti ibẹ̀ ni a ti rọra dé ìwọ̀n tí a ń lò báyìí.

Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti ìbéèrè igi

Bí ìdá 40 bá jẹ́ ti ìdí-igi, ìbéèrè tí ó kàn ni èyí tí ẹjọ́ Dawodu kò nílò láti bèèrè: kí ni igi? Nínú ẹbí, ìyá ni igi, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìwé òfin sọ ìyá kan di méjì. Nínú ìpín owó ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ ni igi, ìjọba ni ó sì ń gbìn ín. Nítorí pé Àkókó jẹ́ mẹ́rin, ìpín ìdọ́gba mẹ́rin ni ó ń wọ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan ni ìbá máa wọ ibẹ̀ fún ènìyàn kan náà, òkè kan náà àti ọ̀nà kan náà. Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà jèrè nínú èyí. Kò yẹ kí àríwísí láti Àkókó fi í pamọ́.

Níbi tí ó ti burú jù ni Kánò àti Èkó. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 9,401,288 ní Kánò àti 9,113,605 ní Èkó. Ìjọba ìbílẹ̀ Kánò jẹ́ 44, ti Èkó jẹ́ 20. Jigawa tí wọ́n yọ lára Kánò ní 1991 sì ní 27. Ní 2003, Èkó dá 37 sí i fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá owó rẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ sì dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2004. Ìrònú tí ó ní kí igi kọ̀ọ̀kan gba bákan náà kò ní àbùkù kankan. Ibi tí wọ́n ti ka igi ni àbùkù wà, kò sì sí ìlànà kankan nínú òfin ìpín tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú ilẹ̀ ni ó kù. Abala 162 nínú Ìwé Òfin 1999 dárúkọ fífẹ̀ ilẹ̀ àti bí ojú ilẹ̀ ṣe rí pa pọ̀, wọ́n sì wà nínú ìdá 10 kan náà. Lójú ẹni tí ó mọ Ọ̀kà, àwọn méjèèjì lè máa ta ko ara wọn. Orí òkè àti àárín àpáta ni ìlú náà wà. Bí a bá fẹ́ la ọ̀nà, àpáta. Bí a bá fẹ́ gbẹ́ kànga, àpáta. Ìkàrẹ́ náà wà láàárín òkè, ṣùgbọ́n apá ibi tí ọjà àti òwò pọ̀ sí tẹ́jú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí ó ní kí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ le gba owó púpọ̀ tọ́, ó sì yé ènìyàn. Fífẹ̀ ilẹ̀ wá ń san owó fún ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lọ rẹrẹẹrẹ, tí ènìyàn kò sí lórí rẹ̀, láti inú ìdá kan náà tí ó yẹ kí ó ran ẹni tí ó ń fọ́ àpáta lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí àpò wọn láìgba ọwọ́ gómìnà. Ìdájọ́ náà kò kan ìwọ̀n 40, 30 àti 10. Ohun tí yóò kàn án ni àkọsílẹ̀ tí ó lè ti ìsàlẹ̀ wá: iye tí ó ná Ọ̀kà láti gbẹ́ ihò omi kan títí omi fi jáde àti iye tí ó ná Ìkàrẹ́, iye tí máìlì kan ná lójú ọ̀nà orí òkè àti lójú ọ̀nà pẹ̀tẹ́lẹ̀, iye ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì kan ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ Ajásìn wà ní Àkùngbá, lójú ọ̀nà láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tí ó bá jáde lẹ́nu géètì rẹ̀ lè dé ìlú méjèèjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà fún ọdún márùn-ún, ìgbìmọ̀ tí yóò bá tún jókòó lórí ìpín yóò ní ohun tí ó lè fi sí ibi tí Aboyade fi 3 sí. Wọn yóò sì tún ní láti sọ, kí wọ́n tó kà á, èwo nínú igi àti orí ni kóńgò ilé wọn.